Ìbọn Lọ́dọ̀ Bàbá, Ọta Lọ́dọ̀ Ìyá

Èmi kì í tètè yin èèyàn. Àwọn tí a jọ ń tajà ní ọjà Adjamé, ní Abidjan níbí, mọ̀ mí sí ẹni tó máa ń wá àléébù sí nǹkan. Bí wọ́n bá mú ìyàwó tuntun kọjá níwájú ìsọ̀ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò, bóyá ó wọ́. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé mo rí tọkọtaya kan tí orí mi wú nítorí wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Ràmílátù ni orúkọ obìnrin náà. Ìyá Bàsìt ni gbogbo wa ń pè é. Inú àgbàlá kan náà ni a jọ ń gbé ní Williamsville, ẹnu ọ̀nà mi kọjú sí tiwọn, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ọmọ Ìgbòho ni òun àti ọkọ rẹ̀, èmi jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn. Òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ni mò ń tà. Òun a máa din ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, aloko tí àwọn ará ibí ń jẹ pẹ̀lú ata, àwọn ọmọ ilé ìwé á sì tò síwájú rẹ̀ ní ọ̀sán. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá ń bú ẹni tó da omi síwájú ilé mi, òun á rọra mú ìgbálẹ̀, á gbá omi náà kúrò, inú á wá túbọ̀ bí mi.

Rùfáì ni orúkọ ọkọ rẹ̀, Bàbá Bàsìt. Ìdílé ọdẹ ló ti wá. Nígbà tó dé Abidjan, àwọn ará ìlú rẹ̀ fi í sídìí bàtà títà ní Treichville, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi sá kúrò níbẹ̀. Ó ní òun kò lè máa bẹ ẹni tí kò fẹ́ ra nǹkan. Wọ́n wá gbà á sí iṣẹ́ gardien, ìyẹn olùṣọ́, ní oko ọ̀pẹ kan lẹ́yìn Bingerville, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi dàgbà. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló fi ń ṣọ́ oko náà, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ lọ́rùn kí wọ́n tó ki ọta sí i. Tirẹ̀ ni, ó ní ìwé àṣẹ rẹ̀, òun náà ló sì ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀.

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìbọn yẹn nílé. Nílé bàbá Rùfáì ní Ìgbòho, ọkùnrin ló ń tọ́jú ìbọn, obìnrin ló ń tọ́jú ẹ̀tù. Ọkọ kò gbọdọ̀ ṣí ibi tí ẹ̀tù wà, ìyàwó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Èèwọ̀ wọn ni. Bí ọkọ bá fẹ́ lọ sóko ọdẹ, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó rẹ̀ bí àlejò, ìyàwó á sì bi í ní nǹkan mẹ́ta. Níbo lẹ ń lọ? Ta ló mọ̀ pé ẹ ń lọ? Ìgbà wo lẹ máa dé? Bí ọkọ bá dáhùn tí ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ìyàwó á gbé ẹ̀tù fún un. Bó bá jẹ́ pé inú ń bí i, tàbí ẹmu ti wà lójú rẹ̀, tí kò rí ìdáhùn kan ṣe, kò ní gba nǹkan kan. Á ṣẹ́ ìbọn rẹ̀ tàbí kó gbé e sílẹ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Kò sí ọkùnrin tó gbọ́dọ̀ jiyàn, bó ti wù kó le tó.

Rùfáì gbé àṣà yìí wá sí Williamsville. Ó pe ọkùnrin kan tó ń jó irin ní Adjamé, ó ní kó ṣe àpótí irin gígùn kan fún òun, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n mọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àpótí yẹn, ẹ máa kọ́kọ́ wó ilé. Ìbọn kì í wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, tó gbé e sókè, tó fi ojú kan wo inú ihò méjèèjì sí ìmọ́lẹ̀ bóyá nǹkan kù síbẹ̀. Á ti àgádágodo, á so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọta ńkọ́? Yàrá Ìyá Bàsìt ni wọ́n wà, nínú àpótí irin kékeré kan tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ wà ní ìdí ìró rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kó wọ inú àgbàlá yẹn, mo rí ọkùnrin gìrìwò kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó rẹ̀, ìbọn tó ti ṣẹ́ wà lápá rẹ̀, ó ń dáhùn ìbéèrè bí ọmọ kéú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo ní, “Bàbá Bàsìt, ẹ̀yin àti ìyàwó yín ti sọ ilé di ibodè.” Kò bínú. Ó ní, “Hàbíbà, ìbọn kì í mọ ọmọ ẹni tó ni ín. Inú lè bí mi lọ́la. Orí mi lè dàrú. Lọ́jọ́ tí orí mi bá dàrú, ṣé èmi ni yóò kọ́kọ́ mọ̀?” Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo rò pé àwàdà ni.

Ẹ̀yin náà gbọ́, kì í ṣe àwàdà. Nígbà tó fẹ̀yìntì, tó ti pẹ́ díẹ̀ nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ jẹ́ bàtà, ó jẹ́ tẹ̀sùbáà rẹ̀, gbogbo àgbà ló máa ń wá ìyẹn kiri. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìyá rẹ̀ tó ti kú sí Ìgbòho tipẹ́tipẹ́. Ó pe Bàsìt, ọmọ rẹ̀, ní orúkọ àbúrò rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Bàsìt gbé ẹ̀kọ fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní, “Ẹ ṣeun o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?” Ìyàwó tó ti ń pè ní “ìwọ” láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, ó wá ń pè é ní “ẹ̀yin”. Obìnrin náà dá a lóhùn pé, “Ràmílátù ni, Bàbá Bàsìt.” Gbogbo ìgbà tó bá béèrè ló máa ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, láìsí ìkanra, bí ẹni pé wọn kò béèrè rí. Èmi ì bá ti ké mọ́ ọn. Mo mọ ara mi.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn ṣì wà lọ́rùn ọkùnrin yìí, ìyẹn ló ń bà wá lẹ́rù. Inú àgbàlá wa kún fún ọmọdé. Khaleelah, ọmọ tí Bàsìt bí, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, eré tó sì fẹ́ràn jù ni kó máa sá wọ yàrá bàbá àgbà rẹ̀. Ìyá Bàsìt pe ọmọ rẹ̀ láti Attécoubé, níbi tó ti ń tún fíríìjì ṣe, ó ní kó gba kọ́kọ́rọ́ náà, kó gbé ìbọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bàsìt ní, “Ìyá mi, kí n wá já kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn bàbá mi? Ọmọ ọdẹ tí wọ́n bá gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, ṣebí wọ́n ti sin ín nìyẹn.”

Inú bí mi débi pé mo dìde lórí àpótí tí mo jókòó lé. Mo ní, “Bàsìt, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀wọ̀ bàbá rẹ lò ń rò, orí ọmọ rẹ ńkọ́?” Ó wolẹ̀, ó ní, “Tantie, ẹ má bínú.” Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Ìyá Bàsìt ló ń pẹ̀tù sí mi nínú. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, gbogbo ọta tó wà nínú ilé wà lọ́wọ́ òun. Ó ní bí kò bá sí ọta, igi àti irin lásán ni ìbọn. Èyí jẹ́ òótọ́, gbogbo wa sì gbẹ́kẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni Òkéwùmí wá kí wọn. Ọmọ Ìgbòho ni, òun àti Bàbá Bàsìt ni wọ́n jọ ṣọ́ oko ọ̀pẹ yẹn, Bingerville ló ṣì ń gbé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fojú kanra. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín: láàárín àwọn ọdẹ wọn, ọdẹ kì í fọwọ́ lásán wọlé ọdẹ. Ọta méjì ló máa mú dání, bí a ṣe máa ń mú obì, kí ebi má baà pa ìbọn ẹni tó gbà á lálejò. Ọwọ́ ìyàwó ilé ni wọ́n sì máa ń fi í lé. Òkéwùmí mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n Ìyá Bàsìt ti lọ ra òróró, àlejò náà kò sì mọ̀ pé orí ọ̀rẹ́ òun ti ń fò lọ, torí ọjọ́ yẹn Bàbá ń rántí ìtàn oko bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹun, Òkéwùmí dìde, ó lọ wá gbàkà, ọkọ̀ èrò kékeré tí yóò gbé e dé ilé.

A ti kírun alásàárì tán. Ìyá Bàsìt ti padà dé, ó ń bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ ń ṣeré lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, Khaleelah jókòó láàárín wọn pẹ̀lú fóònù ìyá àgbà rẹ̀, ó ń wo eré inú rẹ̀. Èmi ń ṣa bọ́tìnnì sínú ike. Ìlẹ̀kùn yàrá Bàbá ṣí, ó jáde sí wa, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìbọn yẹn kẹ́yìn. Bàbá tí kò lè rìn láìdi ògiri mú, ó dúró ṣánṣán. Ojú rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ tó wà lẹ́bàá omi. Ó ní, “Olè ti wọ inú oko.”

Kò sí ẹni tó pariwo. Ìyá Bàsìt gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sọ fún àwọn ọmọ, bí ẹni ní kí wọ́n wá jẹun, pé, “Ẹ wọ ilé Tantie Hàbíbà lọ.” Mo kó wọn wọlé níwájú mi, mo ti ìlẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní. Bí mo ṣe ń yọjú lójú fèrèsé ni fóònù dún lọ́wọ́ Khaleelah. Mo já a gbà, mo gbé e sétí. Òkéwùmí ni. Ariwo gbàkà ń bò ó lóhùn. Ó ní, “Ìyá Bàsìt, ẹ má bínú pé a kò ríra dáadáa. Mo fi ọta méjì sínú àpò jalàmíà Bàbá. Ẹ bá mi rán an létí, kí ebi má pa ìbọn.”

Mo fi ọwọ́ di irin fèrèsé mú. Obìnrin tó wà lóde yẹn gbà pé igi àti irin lásán ló wà lọ́wọ́ ọkọ òun. Bí mo bá pariwo fún un, Bàbá náà á gbọ́, á rántí ohun tó wà lápò rẹ̀. Èmi Hàbíbà, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn mi láti Adjamé dé ibùdókọ̀, mo pa ẹnu mi mọ́, mo ń gbàdúrà nínú.

Ìyá Bàsìt kò sá. Ó rìn lọ sí yàrá rẹ̀, ó yíjú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe máa ń dúró ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi ń lọ síbi iṣẹ́. Bàbá sì yí ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ omi, ó rọra wá síwájú rẹ̀. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò sí ọdẹ tó ń jáde láìgba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá.

Obìnrin náà ní, “Níbo lẹ ń lọ?”

Bàbá la ẹnu. “Mò ń lọ sí...” Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì.

“Ta ló mọ̀ pé ẹ ń lọ?”

Bàbá yíjú wo ẹnu ọ̀nà àgbàlá, bí ẹni ń wá ẹni tó mọ̀.

“Ìgbà wo lẹ máa dé?”

Mo wá rí ọwọ́ rẹ̀ tó wọ inú àpò jalàmíà. Mo ní ó ti parí. Mo fi ara mi bo àwọn ọmọ, mo sì ń wòye láti ìsàlẹ̀ fèrèsé, torí mi ò lè ṣàìwò. Ó kó ọta méjèèjì jáde, pupa ni wọ́n. Mo rí bí ojú Ìyá Bàsìt ṣe yí padà nígbà tó rí wọn. Kò mira. Bàbá na ọwọ́ sí i, ó ní, “Ẹ gbà. Ẹnìkan ló fi wọ́n sí mi lápò. Wọn kò gba ọ̀dọ̀ yín kọjá.”

Ó gbà wọ́n. Bàbá ṣẹ́ ìbọn lọ́rùn, ó gbé e sókè, ó fi ojú kan wo inú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, sẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe yẹ kí ọkùnrin tí kò rí ìdáhùn jókòó. Mo ti ṣí ìlẹ̀kùn mi, mo ti jáde, èmi náà kò mọ ìgbà tí mo jáde. Mo gbọ́ tó ń béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?”

Ìyá Bàsìt ní, “Èmi ni mò ń tọ́jú ọta.”

Bàbá mirí. Ó ní, “Ẹ máa ṣọ́ ọ dáadáa. Ọkùnrin tó wà nínú ilé yìí, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́.” Ó yọ okùn kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí ìbọn. “Ẹ bá mi gbé e. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé e sí mọ́.”

Ẹ wo obìnrin tí kò fọwọ́ kan ìbọn yẹn rí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìbọn náà bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Ó gbé e wọ yàrá, mo gbọ́ ìró àgádágodo. Nígbà tó jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Mo ní, “Ìyá Bàsìt, èmi kẹ̀?” Ó ní ẹnìkan kì í mú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Mo dì í mú, a jọ jókòó ti Bàbá. “Yako,” pẹ̀lẹ́ àwọn ará ibí, ni mo lè sọ, torí Yorùbá tán lẹ́nu mi.

Bàsìt dé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún bàbá rẹ̀, bàbá sì ń súre fún un láìmọ ẹni tó jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìbọn, ọta àti ìwé àṣẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Òkéwùmí padà wá bẹ̀bẹ̀. Mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un, n kò fẹ́ tún un sọ níbí. Àwọn kan nínú àgbàlá ní Bàbá kàn gbàgbé pé ọta ni ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó mọ ohun tó ń kó fún un. Láti ìgbà tí orí rẹ̀ ṣì pé ló ti fi okùn de wèrè tí òun lè dà lọ́la, ó sì fi okùn rẹ̀ lé obìnrin yẹn lọ́wọ́. Bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń ka bọ́tìnnì fún oníbàárà, ọwọ́ mi á dúró.

Àpótí irin ṣì wà lára ògiri, òfìfo ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá ṣì máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, Ìyá Bàsìt á sì gbé iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀, á wá bi í ní ohun mẹ́ta náà. Mo ní kí ló dé tó ń da ara rẹ̀ láàmú, ìbọn ti lọ. Ó ní ṣé ó yẹ kí èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà òun kí òun má dá a lóhùn?

Lánàá, mo ń fọ aṣọ lẹ́bàá ẹ̀rọ nígbà tí Bàbá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Bàsìt bi í pé níbo lẹ ń lọ, kò mọ̀ ọ́n. Ó bi í pé ta ló mọ̀ pé ẹ ń lọ. Bàbá fi ọwọ́ di ara ìlẹ̀kùn mú, mo rò pé ó fẹ́ jókòó. Ó wá gbójú sókè wò ó, ó ní, “Ìyàwó mi mọ̀. Ràmílátù.”

Obìnrin náà kò béèrè ẹ̀kẹta. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un wọlé, èmi sì fi ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kó máa ṣàn.